Epo Lẹ́ẹ̀mejì

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí pé ó ń ránṣọ nìkan. Obìnrin náà rí tín-ín-rín, ó ga, ẹnu rẹ̀ sì máa ń gún èèyàn. Bí o bá gbé aṣọ lọ fún un, tí o wá ń tan ara rẹ pé ìbàdí rẹ kò tíì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò wọ̀n ọ́n lójú rẹ, yóò sì ka iye rẹ̀ síta kí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì lè bá ọ gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ náà nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ara wọn sọ́nà. Òun náà kò jẹ gbèsè, ó sọ ọkọ rẹ̀ ní Onígun. Orúkọ méjèèjì wá mọ́ wọn lára débi pé ẹni tó bá fi orúkọ ìwé béèrè wọn, àwọn ará ilé á kọ́kọ́ wò ó bóyá ọlọ́pàá ni.

Ìdí tí ọkọ fi ń jẹ́ Onígun kò ṣòroó mọ̀. Mẹkáníìkì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń wọ abẹ́ mọ́tò gbogbo ayé. Ẹ́ńjìnì kan wà tí kò ní písítìnì tó ń lọ sókè sódò nínú ikùn rẹ̀. Irin onígun mẹ́ta kan ni wọ́n fi sínú rẹ̀, òun ló ń yí po, tó ń yí po, tí mọ́tò fi ń sáré. Rótọ̀ ni wọ́n ń pe irin náà. Bí mọ́tò tó ní irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì yòókù, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún un dé jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bá èèyàn nínú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ gbé e lọ bá Onígun." Iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń sá fún ló fi gba orúkọ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí ẹ́ńjìnì náà bá nírun lórí ni, òun ì bá ti bá a jà.

Inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ wà, ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù wà lẹ́yìnkùlé, ọ̀nà tóóró kan tí òòrùn kì í dé ló sì so wọ́n pọ̀. Wọ́n ti jọ pinnu láti ọjọ́ pípẹ́ pé irin kò gbọdọ̀ wọ ibi aṣọ, aṣọ kò sì gbọdọ̀ wọ ibi irin, torí girísì kì í bọ̀rọ̀ kúrò lára aṣọ oníbàárà. Nítorí náà, gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, ohùn ẹ́ńjìnì nìkan ni Abẹ́rẹ́ mọ̀, àti òórùn rẹ̀. Èéfín rẹ̀ máa ń rùn bí ọ́ìlì tó ń jó, á gba ọ̀nà tóóró náà wọlé, á wọ aṣọ tí wọ́n fi kọ́, Abẹ́rẹ́ á sì fi ìdí ìgbálẹ̀ lu ògiri kí ọkọ rẹ̀ lè mọ̀ pé inú ń bí òun. Ṣùgbọ́n ohùn náà, kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, ó dùn mọ́ ọn. Ohùn tó ń kùn ni, tó ń gùnkè láìdúró mí. Ohun tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe sí i kó tó dún bẹ́ẹ̀, kò mọ̀ ọ́n, kò sì béèrè.

Nígbà tó yá, irú àwọn mọ́tò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán nílẹ̀. Ìpẹtà jẹ àwọn kan, wọ́n gbé àwọn mìíràn fún àwọn tó ń yọ́ irin. Onígun kò yí padà. Ó ń ṣa ẹ̀yà ara wọn jọ díẹ̀díẹ̀, ara òkú mẹ́ta ló sì fi ń kó alààyè kan jọ. Tirẹ̀ ni èyí, inú mọ́tò pupa kan tó ti ṣá ló fẹ́ gbé e sí, mọ́tò tó wà lórí búlọ́ọ̀kù nínú ṣẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ti ń lọ sílé ìwé títí tó fi lọ sílé ọkọ. Nínú gbogbo ohun tó ṣà jọ, ilé rótọ̀ ló ṣọ̀wọ́n jù, ìyẹn irin ńlá tí rótọ̀ ń yí nínú rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló kù tí inú rẹ̀ ṣì ń dán, kò sì mọ ibi tí òun tún lè ti rí òmíràn. Ó máa ń fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnì náà nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Abẹ́rẹ́ gbọ́ tí fáìlì tó fi ń ha irin jábọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, ó retí èébú tó máa ń tẹ̀lé irú ìró bẹ́ẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó dé ibẹ̀, ọkùnrin náà ti wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òkè. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì gbé e padà wálé. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu rẹ̀ àfi ẹyọ kan: epo. Bí ebi bá ń pa á, epo. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, epo.

"Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, Màmá," nọ́ọ̀sì sọ fún Abẹ́rẹ́. "Ọ̀rọ̀ kan máa ń há sí wọn lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ẹ má wá ìtumọ̀ sí i."

Ẹ má dá nọ́ọ̀sì náà lẹ́bi, ohun tó mọ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n àwa èèyàn! Bí wọ́n bá ti ní kí a má wá ìtumọ̀ sí ọ̀rọ̀ aláìsàn, bí ìgbà tí wọ́n fún wa láṣẹ láti di etí ni. Dókítà ní tirẹ̀ mú Abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní rọpárọsẹ̀ mìíràn ń bọ̀, àti pé bí ó bá dé, kò ní í lọ lọ́wọ́ òfo.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ni Onígun ti ń nawọ́ òsì sí ẹ̀yìnkùlé. Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbé e sórí àga onítáyà, ó tì í gba ọ̀nà tóóró náà kọjá dé ẹnu ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì. Ẹ́ńjìnì náà wà nílẹ̀ ní túútúú bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, omijé sì ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, títí kan ẹ̀gbẹ́ tó ti kú.

"Ẹ fẹ́ gbọ́ ọ," Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ."

Onígun fi ọwọ́ òsì gbá apá àga lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe jọ ṣètò rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan ni bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ó dáa. Èmi náà ní ọwọ́ méjì."

Àdúgbò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó ń rán bọ́tìnnì fẹ́ wá rán ẹ́ńjìnì. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in, Abẹ́rẹ́ náà bá wọn rín in, ó sì ránṣẹ́ pe Jáàkì. Jáàkì ti ṣe ọmọṣẹ́ Onígun nígbà kan rí. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ó ń tún mọ́tò tí gbogbo èèyàn ń wà ṣe ní ìkòríta, ẹ̀yìn rẹ̀ tó lè gbé ìdí mọ́tò sókè ló sì fi gba orúkọ náà.

"Màmá, ẹ má bínú o," Jáàkì wí nígbà tó gbọ́. "Ẹ́ńjìnì yẹn kì í ṣe ti èèyàn gidi. Mo kọ́ ọ díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo sá."

"Ṣé o sá fún oúnjẹ tí mò ń sè nígbà yẹn?"

"Rárá o, ìyẹn ni mi ò sá fún."

"Ó dáa. Wá máa gbé èyí tó bá wúwo. Èyí tó bá fúyẹ́, fi í sílẹ̀ fún mi."

Ohun àkọ́kọ́ tí Abẹ́rẹ́ ṣe ni pé ó gbá ṣẹ́ẹ̀dì náà mọ́. Ta ló lè ṣiṣẹ́ nínú irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀? Ó to sípánà bí ẹní to òwú, ó kó ìgò ọ́ìlì tó wà lórí pẹpẹ sínú páálí kan, ó tì í sábẹ́ tábìlì. Láàárín àwọn ìgò náà ló ti rí ife páànù kékeré kan tí ẹnì kan fi ìṣó ha ilà sí nínú. Abẹ́rẹ́ kì í rí ife gidi nínú ìdọ̀tí kó gbójú kúrò. Ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó gbé e wọlé, òun ló sì fi ń bu omi oògùn fún ọkọ rẹ̀ láràárọ̀.

Ìjà ló dá sílẹ̀. Bí Onígun bá ti fojú kan ife náà, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Epo," ni yóò wí.

"Mo ti fọ epo kúrò níbẹ̀. Ó mọ́ ju ẹnu ẹlòmíràn lọ. Ẹ gbé e mu."

"Epo!"

Nígbà mìíràn á fi ọwọ́ òsì gbá a dànù, omi á dà sórí ibùsùn, Abẹ́rẹ́ á ké, á rojọ́ rẹ̀ fún ògiri, á tún bu òmíràn wá. Ó rò pé òórùn ọ́ìlì ni ọkọ òun ń gbọ́ lára ife náà. Ó tilẹ̀ fi eérú fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan.

Bí ó ṣe ń kọ́ ẹ́ńjìnì náà nìyí. Á gbé ọkọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, á mú irin kọ̀ọ̀kan sókè, á gbé e sún mọ́ ibi tó rò pé ó ń gbé, á ní, "Ibí?" Bí ọkọ rẹ̀ bá gbá àga lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ń lọ. Bí ó bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, á dá irin náà padà, á sì pòṣé sí irin náà bí ẹni pé irin ló parọ́ fún un. Ó rí i pé ilé rótọ̀ dà bí èèpo ẹ̀pà oníhóró méjì, tó fún wọlé díẹ̀ láàárín. Rótọ̀ fúnra rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wú díẹ̀ bí ìrọ̀rí. Ní ṣóńṣó igun kọ̀ọ̀kan ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tó pẹlẹbẹ, Jáàkì ní síìlì ni wọ́n ń pè é. Síìlì yìí kò gbọdọ̀ fi ara kúrò lára ògiri ilé náà bí rótọ̀ ṣe ń yí. Bí ó bá fi àyè sílẹ̀ bí ó ti wù kó kéré tó, iná inú ẹ́ńjìnì á jò lọ, agbára á tán. Ìyẹn tètè yé Abẹ́rẹ́ ju bí Jáàkì ṣe rò lọ. Ẹni tó ti ṣẹ́tí ọrùn aṣọ láìjẹ́ kó súnkì mọ ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan tẹ̀lé kọ́nà.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ẹ́ńjìnì iwájú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe síta mọ́. Káàkiri ayé ni irú àwọn Onígun wà, àwọn alágídí tí kò gbà pé ilé iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n jù. Àwọn kan jókòó sínú ṣẹ́ẹ̀dì tiwọn, wọ́n ṣe síìlì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ kó lè gba agbára tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kéré lójú wọn, wọ́n fi fáìlì fẹ̀ ẹ́ kí ẹ́ńjìnì lè mí kanlẹ̀. Ohun tí wọn kò bá fẹ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi irin dí ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wo fídíò wọn lórí fóònù, ó pa ohùn rẹ̀ torí kò gbọ́ èdè wọn, ọwọ́ wọn ló ń wò. Ó ní ọwọ́ kì í parọ́.

Fífẹ̀ ihò yìí ni Onígun ń ṣe nígbà tó ṣubú. Ó ti ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kan tán, ti ẹ̀gbẹ́ kejì ló kù. Jáàkì ní kí wọ́n kúkú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n rán apá aṣọ kan kí wọ́n jẹ́ kí ìkejì máa bọ̀. Ó mú bébà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò tó ti parí, ó fi èékánná tọ etí rẹ̀, ó gé e. Lẹ́yìn náà, ó yí bébà náà dojú dé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n ṣe ń gé apá òsì láti ara apá ọ̀tún nìyẹn. Nígbà tó gbójú sókè, Onígun ń rẹ́rìn-ín. Ìdajì ẹnu ló fi ń rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni, àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ṣubú.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ nǹkan gé ni?"

Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó ń kọrin nígbà tó ń se oúnjẹ alẹ́. Ó ti pẹ́ tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn nínú ilé náà.

Nígbà tí wọ́n ń dè é pọ̀, ó rí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi dí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ dí i?"

Ẹ̀ẹ̀kan.

"Ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà Onígun na ara síwájú lórí àga, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Epo," ó wí. Èémí kan há a nímú, ó dún "nn", ó sì tún wí pé, "Epo."

"Mo ti gbọ́. Ẹ ò ní í pè é lẹ́ẹ̀mejì."

Ohun kan wà níbẹ̀ tó rí, tí kò sì gbé yẹ̀ wò. Nínú yàrá, ẹ̀ẹ̀kan ni ọkọ rẹ̀ máa ń pe ọ̀rọ̀ náà. Inú ṣẹ́ẹ̀dì nìkan ló ti ń pè é lẹ́ẹ̀mejì, tí èémí á sì há a láàárín. Abẹ́rẹ́ ní ara rẹ̀ ló ń yá.

Ọjọ́ pé. Jáàkì fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnì náà sínú mọ́tò pupa, wọ́n so wáyà, wọ́n gbé bátìrì tuntun sí i. Jáàkì gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan wá láti ilé epo, ó dà á sínú táńkì. Bí ó ṣe ń dà á ni Onígun bẹ̀rẹ̀.

"Epo. Nn. Epo."

Abẹ́rẹ́ kò fojú pa á rẹ́ o, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀, ó sì béèrè bó ṣe yẹ kéèyàn béèrè. Ó tọ́ka sí ẹnu ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí. "Ṣé ibẹ̀ yẹn?" Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi hàn án pé ó kún. Ẹ̀ẹ̀mejì, kíákíá. Ó tọ́ka sí táńkì. "Ibẹ̀ yẹn ńkọ́?" Ẹ̀ẹ̀kan. Ó gbá àga náà débi pé ó mì.

"Ṣé epo lẹ ní ká dà sínú táńkì?"

Ẹ̀ẹ̀kan. Omi lé sí ọkùnrin náà lójú.

"Màmá, ó ní kò tó ni," Jáàkì wí. "Ọ̀gá ò fẹ́ kó kú lẹ́nu iṣẹ́." Ó sáré lọ ra kẹ́ẹ̀gì mìíràn, ó dà á lé e, táńkì sì kún dé ẹnu.

Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe lè tọ́ kó sì gbé èèyàn lọ sínú kòtò. Abẹ́rẹ́ béèrè ibi tí wọ́n ń dà á sí. Kò béèrè èwo ni.

Jáàkì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dìde. Ohùn náà jáde, èyí tí Abẹ́rẹ́ ti ń gbọ́ gba ara ògiri láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ń kùn, ó ń gùnkè, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e dìde. Ó pariwo. Ó pàtẹ́wọ́. Ó fa èéfín ìdí mọ́tò sínú imú, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀! Tèmi ò rùn! Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi ba aṣọ mi jẹ́, ẹ wò ó, tèmi ò rùn!"

"Epo!" Onígun ń ké. "Epo! Epo!" Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbá apá àga, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìdùnnú ni ìyàwó rẹ̀ pè é. Ó rò pé ìlù ló ń lù sí ohùn náà.

"Inú ẹ̀ dùn! Jáàkì, tẹ̀ ẹ́ sí i! Jẹ́ kí ọ̀gá ẹ gbọ́ ọ dáadáa!"

Jáàkì tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà ga sí i. Àwọn tó ti ń fi wọ́n ṣẹ̀sín yọjú lórí ọgbà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń fi fóònù ya fídíò. Wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, torí ta ló fẹ́ pa á? Onígun ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Abẹ́rẹ́ di orí rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń jó lórí ìdúró, ó ń sọ fún un pé, "Ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ ti gbọ́ ọ, ọkọ mi."

Nígbà náà ni ohùn mìíràn wọ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ohùn aṣọ gbígbẹ tí wọ́n fà ya ni. Ó tún dún, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ́ńjìnì náà hó, ó gbọ̀n, ó sì kú. Jáàkì yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń yí, ṣùgbọ́n ó ń yí wẹ́rẹ́ láìjanpata, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí òwú ti já. Àwọn tó wà lórí ọgbà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Onígun kò gbá àga mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Kò wo ẹ́ńjìnì mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tú u. Inú ilé rótọ̀ tó máa ń dán bíi dígí ti ha, ó rí bí ẹni fi ọkọ́ tú u láti òkè dé ìsàlẹ̀. Síìlì ti jó dúdú. Jáàkì fi ìka nù ún, ó wo ìka náà.

"Màmá, ó gbẹ. Síìlì yìí ò rí ọ́ìlì rárá." Ó yọ irin pẹlẹbẹ tó dí ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì. "Mo ń rántí báyìí. Pọ́ǹpù kékeré kan ló máa ń wà níbí, òun ló ń kán ọ́ìlì sí wọn nínú. Ẹ́ńjìnì yòókù tó bá ń jó ọ́ìlì, àìsàn ni. Èyí, tí ò bá jó o, á kú. Ọ̀gá ti yọ pọ́ǹpù yẹn bí àwọn ará òkè òkun ṣe ń yọ ọ́. Tí wọ́n bá sì ti yọ ọ́, inú epo ni wọ́n máa ń..."

Kò parí rẹ̀. Ó ń wo táńkì.

Abẹ́rẹ́ ń wo pẹpẹ. Àmì róbótó kan wà níbẹ̀ tí ọ́ìlì ti mu wọ inú igi, tí gbogbo nínù tó nù ún kò pa á rẹ́. Ó wọlé, ó mú ife oògùn, ó gbé e wá sórí àmì náà. Ó bọ́ sí i bí bọ́tìnnì ṣe ń bọ́ sójú ihò rẹ̀. Ilà tó wà nínú ife náà ni ibi tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé, kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ bẹntiróò inú kẹ́ẹ̀gì.

Epo nínú epo: ọ́ìlì nínú bẹntiróò. Ọkọ rẹ̀ kò pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì rí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń sọ, èyí tó wà láàárín ni ẹnu rẹ̀ kò lè gbé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Onígun sọ ju àbọ̀ lọ. Ó sọ ọ́ láràárọ̀ bí ife náà bá ti yọ, ó gbá ife dànù, ó gbá àga, ó sunkún. Obìnrin tó máa ń gbọ́ ọ tí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ kán kó tó kán, kò gbọ́ ọkọ rẹ̀.

Ó lọ bá a nínú yàrá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Epo nínú epo lẹ ń wí."

Ọwọ́ òsì Onígun mira. Ó gbá igi ibùsùn lẹ́ẹ̀kan, fẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ dárí jì mí."

Abẹ́rẹ́ ń wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ náà kò gbá a lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni, bóyá òun gan-an kò tíì mọ̀, a kò lè sọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà títí tí rọpárọsẹ̀ kejì tí dókítà wí fi dé tó sì mú un lọ, kò pe epo mọ́. Ebi pa á, kò pè é. Wọ́n gbàgbé láti ṣí fèrèsé, kò pè é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé èyí tí Abẹ́rẹ́ tọrọ àforíjì, ó fi ife páànù náà sílẹ̀ lórí pẹpẹ níbi tó ń gbé, ó bu omi oògùn sínú ife mìíràn. Ó gbé e sí i lẹ́nu, ó sì mú ara le fún ìjà. Onígun kò yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mu ún tán bí wọ́n ṣe fún un, ó sì la ẹnu sílẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i pé ó ti gbé e mì. Abẹ́rẹ́ wo inú ẹnu náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.